Ìrọ̀rí léèsì ti Sípéènì: ibi tó ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

Ìrọ̀rí léèsì ni ìrọ̀rí líle tí a ń fi ọwọ́ hun léèsì lé lórí pẹ̀lú òwú àti píìnì. Ọwọ́ náà ni a fi ń mọ èyí tó dára. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ gidigidi: bí ó bá jìn wọnú, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Èyí tí mo ń lò yìí kò jìn rárá. Ó rí róbótó, ó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ìbú ẹnu rẹ̀ tó 18 sẹ̀ǹtímítà, koríko gbígbẹ ni wọ́n sì kì sínú rẹ̀ títí tó fi le koko. Nítorí líle yìí nìkan, owó tí mo san kò dùn mí.

Mundillo ni wọ́n ń pè é ní Sípéènì. Bolillo ni orúkọ igi kéékèèké tí a ń wé òwú mọ́. Bọ́bìn ni n ó máa pè é níhìn-ín, bí àwọn télọ̀ wa ṣe ń pe ti inú máṣíìnì. Almagro àti Camariñas wà lára àwọn ìlú tí iṣẹ́ yìí ti lókìkí jù. Ẹ má ṣe fi wé léèsì aṣọ ẹbí o. Ìyẹn, irú èyí tó ń ti Lustenau ní Austria wá, ẹ̀rọ ló ń kó iṣẹ́ sí i lára. Ti orí ìrọ̀rí kò ní aṣọ kankan lábẹ́. Òwú tó ń gba orí ara wọn kọjá nìkan ni.

Òòró ni à ń gbé ìrọ̀rí Sípéènì sí. Ìdí rẹ̀ á wà lórí itan, orí rẹ̀ á fara ti ògiri tàbí ẹ̀yìn àga tó wà níwájú wa. Bọ́bìn á wá máa rọ̀ dirodiro, ìwúwo wọn á sì máa fa òwú le fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí bọ́bìn bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe, nítorí ti àwọn wọ̀nyẹn ń sùn sórí ìrọ̀rí, ó sì lè máa yí kiri. Bí ẹ bá dẹ ìrọ̀rí yìí sílẹ̀ jù, òwú á dẹ̀, léèsì á sì rí jágajàga. Bí ó bá nàró jù, bọ́bìn á máa fì, wọ́n á sì lọ́ mọ́ra.

Ìwúwo yìí kan náà ló fà á tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra èyí tí wọ́n kì fóòmù sí. Píìnì ni à ń gún gba ihò páálí tí àwòrán léèsì wà lórí rẹ̀, kó lè di òwú mú, gbogbo bọ́bìn ló sì ń fà á sísàlẹ̀. Koríko tó le á di píìnì mú. Inú fóòmù tó rọ̀, píìnì á tẹ̀, ihò á kúrò láyè rẹ̀. Ẹ gún píìnì kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí àárín ìrọ̀rí gan-an, kí orí rẹ̀ fì sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn ti etí léèsì ni kó fì síta. Ẹ fi píìnì sílẹ̀ nínú iṣẹ́ tó ti parí tó sẹ̀ǹtímítà 8 tàbí 10, nítorí bí ẹ bá tètè yọ ọ́, etí á fà wọlé.

Páálí àwòrán tó bá ìrọ̀rí náà wá ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó fẹ́lẹ́, kò sì pẹ́ tí ihò rẹ̀ fi ń gbòòrò. Ẹ fi ọ̀rá alẹ̀mọ́ tó mọ́ gaara bo páálí kí ẹ tó lu ihò sí i, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ onídìímú lù ú. Àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ dára ṣá, òwú funfun á hàn lórí rẹ̀. Àmọ́ aṣọ funfun tó ń dán ni wọ́n fi bo ìrọ̀rí náà! Mo ti fi aṣọ búlúù tí kò dán bò ó.

Bọ́bìn 24 ló bá a wá, ìyẹn péà 12. Òwú kan ló máa ń so bọ́bìn méjì pọ̀, láìní kókó láàárín. Ẹ fi ojóbó kan dè é lọ́rùn. Bí òwú bá ń yọ̀, bíi sílíkì, ẹ fi méjì.

Ohun méjì péré ni ọwọ́ ń ṣe: sísọdá àti lílọ́. Ẹ mú bọ́bìn mẹ́rin. Sísọdá ni kí èkejì gba orí ẹ̀kẹta kọjá. Lílọ́ ni kí èkejì gba orí èkíní, kí ẹ̀kẹrin sì gba orí ẹ̀kẹta. Ipò ni à ń kà, kì í ṣe bọ́bìn fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Sọdá, lọ́: medio punto (ìdajì ìhun) nìyẹn. Sọdá, lọ́, sọdá: ó di lienzo, tó ki bí aṣọ. Tí a bá tún lọ́ ọ lẹ́yìn náà, ó di punto entero (odidi ìhun).

Aláǹtakùn, ìyẹn ọnà léèsì tó ní ikùn àti ẹsẹ̀ bíi ti aláǹtakùn, ló ń fi ìwà ìrọ̀rí hàn. Péà mẹ́ta láti ọ̀tún, mẹ́ta láti òsì, ẹ lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi lienzo gba gbogbo wọn kọjá ara wọn, ẹ gún píìnì sáàárín, ẹ tún gbà wọ́n kọjá, kí ẹ tó lọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta padà. Bí ikùn aláǹtakùn bá là sílẹ̀, ẹ kò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn píìnì ni. Lórí ìrọ̀rí yìí, píìnì àárín kò mì nígbà tí mo fa ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ohun tó ń gba àkókò ni gbígbé iṣẹ́ sókè. Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ páálí, ẹ fi aṣọ di bọ́bìn pọ̀, ẹ yọ píìnì, ẹ gbé léèsì lọ sókè, kí ẹ sì tún sẹ̀ǹtímítà 5 tó kẹ́yìn gún sínú ihò rẹ̀. Ní Moca ní Puerto Rico, wọ́n ń lo èyí tó ń yí po nínú àpótí, tí kò ní wàhálà yìí. Ẹni tó fẹ́ ṣe léèsì gígùn fún etí aṣọ tábìlì, irú ìyẹn ni kó wá. Ẹni tó bá sì ń gbé níbi tí ọ̀rinrin pọ̀ bí Èkó, kó ra píìnì tí kì í dípẹtà, kó sì máa sá ìrọ̀rí sí afẹ́fẹ́, nítorí koríko inú rẹ̀ lè bu.