Prednisolone àti tramadol fún oríkèé tó ń wú: èwo ló tó owó tí à ń ná lé e lórí ní Àkúrẹ́?

Ẹni tí oríkèé rẹ̀ ń wú, tó ń gbóná, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ká láàárọ̀, oògùn méjì yìí ló sábà máa ń bá pàdé, láti Ọjà Ọba títí dé Alágbàka. Iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Prednisolone ń pa wíwú náà fúnra rẹ̀. Tramadol ò kan wíwú. Ńṣe ló ń di ọpọlọ létí kí ó má gbọ́ igbe ìrora, oríkèé á sì máa bà jẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Hóró 5 mg ni prednisolone tó wọ́pọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì yá, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọwọ́ á ti ń ká. Láàárọ̀ ni kí ẹ lò ó, lẹ́yìn oúnjẹ, torí lílò rẹ̀ lálẹ́ máa ń lé oorun lọ. Fún àìsàn oríkèé tó ń pẹ́ lára, àwọn dókítà kì í fẹ́ kí ó ju 7.5 mg lọ lójúmọ́, kí ó sì jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, títí oògùn tó ń dá àìsàn náà dúró, bíi methotrexate, yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. (Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni methotrexate o! Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ lè bá a kú.)

Ibi tí prednisolone ti ń pa èèyàn lára jù ni dídúró. Ara ní èròjà tirẹ̀ tó jọ ọ́, àmọ́ tí ẹ bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ẹ̀yà ara kékeré tó ń pèsè rẹ̀ lórí kíndìnrín á ti sùn. Ẹ má jáwọ́ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù: bí àpẹẹrẹ, láti 10 mg sí 7.5, láti 7.5 sí 5, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lórí ìkọ̀ọ̀kan, kí ó wá túbọ̀ rọra lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ ra òmíràn kí ti ọwọ́ yín tó tán. Bí èébì, òòyì nígbà ìdìde àti àárẹ̀ tó le bá dé lẹ́yìn tí ẹ dáwọ́ dúró, ẹ gba ilé ìwòsàn ńlá UNIMEDTH lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ oògùn tí ẹ ń lò.

Ẹ máa yẹ ṣúgà, ìfúnpá àti ojú wò. Ẹ béèrè calcium àti fítámì D nítorí eegun. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìrora bíi diclofenac tàbí piroxicam láìsọ fún dókítà, ọgbẹ́ inú ló ń fà. Ẹni tó ní sickle cell kò gbọdọ̀ dá a lò: ìrora lè tún padà wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tó burú jù lọ́jà ni àpòpọ̀ inú ọ̀rá, hóró aláwọ̀ mẹ́rin-márùn-ún tí kò lórúkọ. Prednisolone tàbí dexamethasone, ìbátan rẹ̀, máa ń wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara fi ń yá kíákíá, tí ojú wá ń kún rọ̀bọ̀tọ̀. Bí ìyá yín bá ti ń lò ó fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ má dà á nù lójijì. Ẹ gbé ọ̀rá náà fún dókítà.

Tramadol ńkọ́? 50 mg àti 100 mg ni NAFDAC fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n kọ 200 tàbí 225 sí lára, ẹ fi í sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju 400 mg lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà, 300 fún ẹni tó ti ju ọdún 75. Àjùlò rẹ̀ ń fa gìrì. Tí ó bá pàdé ọtí tàbí oògùn oorun, ó lè dá èémí dúró. Ìgbẹ́ á le, nítorí náà ẹ béèrè oògùn tó ń rọ̀ ọ́. Fún ọjọ́ díẹ̀ tí ìrora gbóná, tí paracetamol kò tó, ó wúlò. Fún oṣù gbọọrọ, a ò lè gbà yín níyànjú láti náwó sí i: agbára rẹ̀ ń dín kù, ara sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀.

Ìwé dókítà ni wọ́n fi ń ra méjèèjì, ṣọ́ọ̀bù tó ní apòògùn gidi nìkan ló sì láṣẹ láti tà wọ́n. Ẹ wo ìwé àṣẹ lára ògiri, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, kí ẹ má sì gba èyí tí wọ́n ti yọ kúrò nínú páálí rẹ̀.