Pickup wo ló yẹ yín? Ìfiwéra fún ẹni tí ń wá jìtá oníná olówó pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra jìtá oníná, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn. Ṣé èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni kí ẹ rà, kí ẹ wá pààrọ̀ pickup rẹ̀ (ohun tí ń gba ohùn okùn lára jìtá) tó bá yá, àbí kí ẹ fi owó díẹ̀ kún un kí ẹ ra èyí tí pickup rẹ̀ ti dára láti ilé iṣẹ́? Èyí kejì ni mo máa ń sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Pickup kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ Seymour Duncan tàbí DiMarzio, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe pickup, tó nǹkan bí 100 dọ́là ní Amẹ́ríkà, a ò tíì sọ ti owó tí wọn yóò fi gbé e wá. Mẹ́ta sì ni Stratocaster (Strat), jìtá ilé iṣẹ́ Fender, ń gbà. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ óò rí i pé owó pickup lè ju owó jìtá lọ. Síbẹ̀, ìgbà kan wà tí pípààrọ̀ tọ̀nà, mo sì fẹ́ kí ẹ dá ìgbà náà mọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Single-coil àti humbucker

Òòfà ni pickup, pẹ̀lú wáyà bàbà tín-ín-rín tí wọ́n ká yí i po lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn jìtá bá ń gbọ̀n lókè rẹ̀, iná kékeré a jáde nínú wáyà náà. Iná yẹn ni ámpù ń sọ di ohùn ńlá. Òòfà kì í fa bronze, ìdí nìyẹn tí okùn bronze tí wọ́n ṣe fún jìtá onígi fi ń dún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lórí jìtá oníná.

Kọ́ìlì kan ni single-coil ní. Òun ni Leo Fender fi mẹ́ta rẹ̀ sórí Stratocaster ní 1954. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì mú. Fún jùjú àti highlife, níbi tí jìtá méjì mẹ́ta ti ń dá ara wọn lóhùn, òun ni mo yàn láàyò, torí ohùn jìtá kan kì í bo ti èkejì mọ́lẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń kùn. Kọ́ìlì yẹn ń gba ariwo iná mọ́ ohùn okùn, 50 hertz sì ni iná tiwa ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ti ta jìtá nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri, tí wọn kò sì ri wáyà earth mọ́lẹ̀, mọ ohun tí mò ń wí. Inverter olówó pọ́ọ́kú tún le ju ìyẹn lọ, torí iná rẹ̀ kì í lọ geere, ariwo tí ó ń kó wọlé a sì máa gún etí.

Seth Lover, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ jìtá Gibson, ni ó ṣe humbucker láti pa ariwo yìí. Ó béèrè fún ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ ní 1955, wọ́n sì fún un ní 1959. Kọ́ìlì méjì ló fi sí i, tí òòfà wọn kọ ẹ̀yìn síra, tí wáyà wọn náà sì lọ lódìkejì ara wọn. Ariwo tí ó bá wọ ọ̀kan á pa ti èkejì, ṣùgbọ́n ohùn okùn á parapọ̀, á lágbára sí i. Ohùn rẹ̀ ki, ó sì gba distortion (ohùn tó ń ha bí ti rock) dáadáa. Ohun tí ó ń sọnù níbẹ̀ ni mímú òkè ohùn, èyí tí onijùjú ń wá.

P-90 ti Gibson, tí ó jáde ní 1946, wà láàárín àwọn méjèèjì ní ohùn, ṣùgbọ́n single-coil ni, ó ń kùn.

Tí ẹ bá ń ta jìtá níbi tí iná kò ti dára, tí ẹ sì fẹ́ ohùn Strat, ẹ wá jìtá tí ó ní single-coil méjì àti humbucker kan lẹ́bàá bridge (ibi tí okùn so mọ́ lára jìtá). Lórí Strat tí ó ní single-coil mẹ́ta, wọ́n sábà máa ń ká èyí tí ó wà láàárín lódìkejì. Ẹ fi switch tí a fi ń yan pickup sí ipò kejì tàbí ìkẹrin, pickup méjì á ṣiṣẹ́ pọ̀, kíkùn á sì dákẹ́. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, tàbí kí ẹ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ceramic àti alnico

Ibí ni owó ti ń yàtọ̀. Òòfà ceramic kò wọ́n, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ jìtá olówó pọ́ọ́kú. Alnico jẹ́ àdàlù aluminium, nickel àti cobalt. Ohùn ceramic sábà máa ń le, alnico a máa rọ̀ díẹ̀, a sì máa dáhùn bí ọwọ́ yín bá ṣe wúwo tó. Mi ò sọ pé ceramic burú o. Àwọn pickup tó lókìkí fún rock líle wà tí ceramic wà nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló ṣe pàtàkì.

Ẹ wo Yamaha Pacifica 112J àti 112V. Igi alder ni wọ́n fi ṣe ara àwọn méjèèjì, ètò pickup wọn sì bára mu: single-coil méjì, humbucker kan. Ṣùgbọ́n ceramic ni ti 112J, alnico V ni ti 112V. Lórí 112V, ẹ tún lè fa bọ́tìnì tone sókè kí humbucker di single-coil. Mo gbà pé kò sí ibi tí àfikún owó ti wúlò tó báyìí fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ra 112J tí ó wá fẹ́ pààrọ̀ pickup mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ná ju ìyàtọ̀ owó wọn lọ.

Bákan náà ni Squier, jìtá olówó pọ́ọ́kú ti Fender. Affinity Stratocaster ní single-coil ceramic; Classic Vibe ní alnico, iṣẹ́ ara rẹ̀ náà sì dára jù. Tí Affinity bá ti wà nílé yín, tí ọrùn rẹ̀ gún, tí fret rẹ̀ (àwọn irin tó dábùú ọrùn) kò sì bà jẹ́, òun gan-an ni jìtá tí mo lè gbà kí ẹ pààrọ̀ pickup rẹ̀. Ní ti Epiphone, ẹ̀ka Gibson tí owó rẹ̀ kéré, Les Paul Standard rẹ̀ ń jáde pẹ̀lú humbucker alnico tí wọ́n ń pè ní ProBucker, mi ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa tètè yọ ọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi ọ̀rọ̀ kílóòmù, ìwọ̀n bí wáyà pickup ṣe ń dènà iná tó, tàn yín. Single-coil ìgbàanì máa ń wà ní nǹkan bí 6, humbucker ìgbàanì ní 7 sí 9, humbucker JB ti Seymour Duncan sì lé ní 16. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá tín-ín-rín sí i, kílóòmù á ga láìjẹ́ pé ohùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yìí wúlò láti mọ̀ bóyá wáyà kọ́ìlì ti já. Kò lè sọ bí ohùn yóò ṣe rí fún yín.

Kí ẹ tó pààrọ̀

Ẹ kọ́kọ́ fi okùn tuntun sí i. Ọ̀rinrin Èkó ń jẹ okùn kíákíá, okùn tó dípẹtà kò sì lè dún gaara lórí pickup kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi screwdriver gbé pickup sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ tẹ okùn mọ́ fret ìkẹyìn: nǹkan bí milimítà 2 láàárín okùn tó nípọn àti pickup single-coil ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó kéré díẹ̀ lábẹ́ okùn tín-ín-rín, kí ẹ wá fi etí ṣe ìyókù. Tí ó bá sún mọ́ okùn jù, òòfà á fa okùn, ohùn á sì ṣì. Tí jìtá bá ń ké wíìì nígbà tí ẹ gbé volume sókè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì ri kọ́ìlì rẹ̀ sínú ìda. Irú ìyẹn ni ẹ lè pààrọ̀. Tí ó bá ń ṣe pàràpàrà, jack (ihò tí wáyà ámpù ń wọ̀) tàbí wáyà tó tú ló sábà máa ń fà á, pickup tuntun kò ní wò ó sàn.

Nígbà tí ẹ bá ń ra pickup, ẹ wọn àyè àárín okùn kìn-ín-ní sí ìkẹfà níbi tí pickup yóò wà. Humbucker irú ti Gibson wà ní nǹkan bí milimítà 49. Jìtá irú ti Fender ń fẹ́ nǹkan bí 52 sí 53 lẹ́bàá bridge. Ẹ tún wo pot tí ó wà lábẹ́ bọ́tìnì volume: 250k (kílóòmù 250) ni wọ́n sábà máa ń lò fún single-coil, 500k fún humbucker. Tí ẹ bá fi 250k sí humbucker, ohùn rẹ̀ á ṣókùnkùn, ẹ óò sì máa rò pé pickup ni kò dára.

Wáyà humbucker oníwáyà mẹ́rin ń da ọ̀pọ̀ rú. Ti Seymour Duncan, dúdú ló ń lọ sí switch, pupa àti funfun ni kí ẹ so pọ̀, aláwọ̀ ewé àti wáyà ìhòòhò ń lọ sí ilẹ̀. Ti DiMarzio, pupa ló ń lọ sí switch, dúdú àti funfun ni ẹ óò so pọ̀. Aláwọ̀ ewé àti ìhòòhò kò yí padà. Tí pickup méjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí ohùn sì tín-ín-rín bí ẹni pé bass ti sá lọ, wọ́n kọjú síra lódì. Ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì ọ̀kan nínú wọn.

Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì lè ra pickguard Strat (ike pẹlẹbẹ iwájú jìtá) tí wọ́n ti to gbogbo pickup, pot àti switch sí. Wáyà mẹ́ta péré ló kù: méjì sí jack, ọ̀kan sí ìkọ́ spring tremolo lẹ́yìn jìtá. Oníṣẹ́ rédíò tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lè bá yín jó o. Ẹ fi pickguard tuntun wé ti àtijọ́ kí ẹ tó sanwó, torí ihò skúrù Squier kì í fìgbà gbogbo bá ti Fender mu.

Ẹ má sì sọ pickup àtijọ́ nù. Ẹ kọ ibi tí ó wà sí ara rẹ̀, ẹ fi pamọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta jìtá náà, ẹ dá a padà sáyè rẹ̀, kí ẹ sì gbé tuntun yẹn lọ sórí jìtá tí ẹ bá tún rà.