Aago GNOME 2.22: ó bèèrè kí ó tó yí

Bátìrì inú ògbólógbòó kọ̀ǹpútà mi ti kú. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ọjọ́ inú rẹ̀ á padà sí ti àtijọ́. Aago orí GNOME 2.22 (ojú iṣẹ́ tí à ń rí lórí kọ̀ǹpútà Linux), tó jáde lọ́dún 2008, ni mo fi ń tún un ṣe. Mo yí wákàtí, PolicyKit, ètò tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èèyàn láṣẹ, ní kí n kọ́kọ́ tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Ibi tó wù mí jù nìyí: aago fúnra rẹ̀ kò di root (ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ) rárá, ètò ìránṣẹ́ kékeré kan lẹ́yìn ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Èkó àti London wà lójú rẹ̀ (nígbà ooru tiwọn, aago wa dọ́gba). Àpótí tó ní kó rántí àṣẹ, kó má bèèrè páásíwọ́ọ̀dù mọ́, ni mi ò fọwọ́ kàn. Torí àwọn ọmọ ilé wa náà ń lo ẹ̀rọ yìí.