Sẹ́ṣọ̀n mẹ́fà nílé físíò kan ní Àbújá: ayùn máígáàdì ló gba ìgbáròkó Màmá sílẹ̀

Sẹ́ǹtímítà márùn-ún ni wọ́n gé kúrò nídìí ọ̀pá ìtilẹ̀ Màmá wa, ẹni tí ìgbáròkó ọ̀tún ń dùn, ní sẹ́ṣọ̀n karùn-ún, ayùn máígáàdì ni wọ́n sì fi gé e. Sẹ́ṣọ̀n mẹ́rin tó ṣáájú ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí, torí gbogbo ìgbà tí ọ̀pá náà ń kọjá lójú àwọn òṣìṣẹ́ ilé físíò náà, àwọn tó ń fi ìmárale àti ìfọwọ́ra tọ́jú ara ríro, ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní a gbọ́dọ̀ san owó sẹ́ṣọ̀n mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó ṣí fáìlì: 54,000 náírà. Mo ní, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ físíò ńkọ́? Ó ní, "Ẹ má bínú sà, a kì í dá owó padà." POS gé owó, kò mú ìwé jáde. Ó ní a ò ní wọlé àfi bí ọ̀gá òun bá rí aláàtì. Ogójì ìṣẹ́jú ni Màmá, ẹni ọdún 68, fi jókòó sórí àga oníke tó kúrú débi pé orúnkún rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Ẹni tí ìgbáròkó ń dùn kì í jókòó báyẹn. Ilé físíò ló yẹ kó mọ̀.

Òkè kejì ni wọ́n tún wà. Àtẹ̀gùn méjìlélógún, apá kan ṣoṣo ló ní irin ìdìmú.

Ohun tí wọ́n ṣe ní sẹ́ṣọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yàtọ̀ síra. Wọ́n á ní kí Màmá fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, wọ́n á gbé àpò gbígbóná lé ìgbáròkó ọ̀tún fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á fi ẹ̀rọ olórí rìbìtì yí jẹ́ẹ̀lì ká ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan á wá fi ìgúnpá tẹ ibi tó ń dùn gan-an, á tẹ̀ ẹ́ títí Màmá á fi ké. "Ẹ fara dà á mà, ó ń tú ni." Kò tú. Eegun itan yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbáròkó, ẹ lè fọwọ́ kàn án lára yín. Orí eegun yẹn ni iṣan tí kì í jẹ́ kí ìbàdí wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí a bá ń rìn so mọ́. Bí iṣan náà bá ti ń ṣàìsàn, fífún un mọ́ eegun ló ń dá kún ìrora rẹ̀, yálà ìgúnpá ló fún un tàbí bẹ́ẹ̀dì líle. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, Màmá ò lè yí ara padà.

Ní ìgbà karùn-ún, ọmọkùnrin yẹn ò wá síṣẹ́. Obìnrin kan, físíò ni òun náà, ló jáde sí wa, kò sì tan ẹ̀rọ kankan. Ó ní kí Màmá rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ojú fèrèsé, kó tún padà. Ó wá ní, "Màmá, ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dùn yín."

Ìka kan yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. "Ìgbáròkó" là ń pè é, ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta ni. Bó bá jẹ́ iwájú, níbi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn, oríkèé gan-an ló máa ń jẹ́, èyí tí a ń pè ní làkúrègbé: wíwọ ìbọ̀sẹ̀ á nira, ara á le fún ìgbà díẹ̀ láàárọ̀. Ó tún lè gba orúnkún jáde, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ya fọ́tò X-ray orúnkún lásán. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, nínú ìdí, tó ń sọ̀kalẹ̀ kọjá orúnkún, ọ̀pá ẹ̀yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀gbẹ́ ni ìka Màmá lọ. Físíò gbé orúnkún rẹ̀ sókè, ó yí itan náà sínú àti síta. Ó yí dáadáa. Ó wá ní kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kó kan fi ìka kan ba ògiri. Kò pé méjìlá tí ẹ̀gbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Iṣan ẹ̀gbẹ́ yẹn ni, kì í ṣe oríkèé. Àyẹ̀wò parí, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó béèrè òògùn. Kò sẹ́ni tó béèrè rí. Lisinopril àti òògùn tó ń mú ni tọ̀ ni Màmá ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Kẹ́míìsì àdúgbò ti ta diclofenac, òògùn ìrora, kún un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn pa pọ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́, diclofenac sì lè dá egbò sínú ikùn àgbàlagbà. Ó kọ lẹ́tà sí dókítà wa lójú ẹsẹ̀, ó ní kó fi diclofenac sílẹ̀ títí dókítà á fi rí i.

Ìgbà yẹn ló tó wo ọ̀pá. Ọwọ́ ọ̀tún ni Màmá fi ń mú un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń dùn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe. Òdì ni. Bí a bá fi ẹsẹ̀ kan dúró, ẹrù tó ń bọ́ sórí oríkèé ìgbáròkó tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ìwọ̀n ara, torí iṣan ẹ̀gbẹ́ ń fa ìbàdí kó má baà wó. Ọ̀pá tó wà ní ọwọ́ kejì ló ń bá iṣan yẹn ṣe lára iṣẹ́ náà. Màmá ní, "Òsì kẹ̀? Òsì ni n ó máa nà sí àwọn ènìyàn?" Físíò rẹ́rìn-ín: "Ọ̀tún yín ló ṣí sílẹ̀ báyìí fún kíkí, Màmá."

Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n rèé. Kó wọ bàtà tó ń wọ̀ jáde, kó na ara, kó jẹ́ kí apá sọ̀ sílẹ̀. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ìlà ọrùn ọwọ́ dọ́gba. Bó bá dì í mú, ìgúnpá á tẹ̀ díẹ̀. Ti Màmá ga jù, èjìká rẹ̀ ń gòkè sí etí. Kí rọ́bà ìsàlẹ̀ wà lára ọ̀pá nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó gé igi, kí ẹ dá a padà. Bí ojú rọ́bà bá ti dán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, pàápàá bí táìlì bá wà nílé. Físíò fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ yá ayùn. Máígáàdì di ọ̀pá mú, ó ń sọ pé "Sannu, Hajiya," bí ẹni pé ẹsẹ̀ Màmá ni wọ́n ń gé.

Nígbà tí à ń lọ, físíò kọ́ Màmá ní àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ tó dáa ló ń ṣáájú bí a bá ń gòkè, bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń ṣáájú.

Iṣẹ́ ilé tó fún un kò gba ẹ̀rọ. Kó dùbúlẹ̀ gbalaja, kó ká orúnkún, kó so ìborùn mọ́ itan lókè orúnkún, kó rọra ti itan síta mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kó gbé ìdí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ìpele méjì. Kó dìde lórí àga tó ga láìfi ọwọ́ tì í, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Bí ìrora bá ju 4 lọ nínú 10, tàbí tí kò tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó dín in kù sí ìdajì. Kó má fi í sílẹ̀ pátápátá. Kó má sùn lé ọ̀tún. Bó bá sùn lé òsì, ìrọ̀rí gbọ́dọ̀ wà láàárín orúnkún títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Kó má gbé ẹsẹ̀ kọ́ra. Kó máa kírun lórí àga ná.

Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ni ká fojú sí. Ìyẹn bá ìwádìí Ọsirélíà lórí ìrora ẹ̀gbẹ́ ìgbáròkó tó jáde ní 2018 mu: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nǹkan bíi 77 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe eré ìmárale pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ló sọ pé ó sàn dáadáa, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ sí ìgbáròkó jẹ́ nǹkan bíi 58.

Ó sì sọ àwọn tí òun kì í fọwọ́ kàn rárá: ẹni tó ṣubú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú síta (ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ilé àwọn tó ń to eegun), ẹni tí ibà ń ṣe, ẹni tó ń rù tí ìrora kì í jẹ́ kó sùn. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí tó ti lo dexamethasone (òògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù) pẹ́, kó ya fọ́tò X-ray tètè, torí ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun itan mọ́.

Sẹ́ṣọ̀n kẹfà, ọmọkùnrin ẹlẹ́rọ ti dé. Mo ní obìnrin yẹn la fẹ́. Ẹni ẹnu ọ̀nà ní kọ̀ǹpútà ò gbà, orúkọ ọmọkùnrin ló wà lórí fáìlì. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Màmá dìde, ó fi ọwọ́ òsì mú ọ̀pá rẹ̀, ó rìn kọjá tábìlì wọn wọ yàrá obìnrin náà, ó jókòó. Ẹnikẹ́ni ò lè lé e jáde.

Máàkì mi: 2 nínú 5. A ti san owó sẹ́ṣọ̀n mẹ́fà mìíràn.