Star San dáa o, àmọ́ kì í ṣe ọṣẹ

Star San tí gbogbo àwa tá a ń pọn bíà nílé ní Amẹ́ríkà ń rà yìí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí gan-an, torí àwọn tó ń fún un ní 5 nínú 5 kì í sọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Èmi fún un ní 4. Oògùn tá a fi ń pa kòkòrò ara ohun èlò ìpọntí ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ gidi, ilé iṣẹ́ Five Star ló ń ṣe é, ásíìdì ni, ọ́ǹsì kan péré (bíi 30 mílílítà) lẹ máa dà sí gálọ́ọ̀nù omi 5, ẹ jẹ́ kó kan gbogbo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yín fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, ó parí nìyẹn, ẹ ò tún ní fi omi ṣan án. Ìgò ẹ̀ gan-an wù mí, ó ní ọrùn méjì, tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ fún un, oògùn á gòkè wá sínú ọrùn kékeré yẹn títí dé ìlà, ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ máa dà, ẹ ò wá síbí kiri.

Ó máa ń hó gan-an ṣá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á fẹ́ ṣan ìfófó yẹn kúrò, ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹ da ọtí yín lé e lórí, kò ní ṣe íìsì (ìwúkàrà tó ń sọ ọ́ di ọtí) ní nǹkan kan.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Mo ra bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-táàpù ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Houston, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n ní tuntun ni, inú ọ̀rá ló sì wà lóòótọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo fi Star San sí i, mo pọn pale ale, irú bíà kan, sínú ẹ̀. Ìgbà tí mo ṣí ọmọrí, awọ funfun kan ti bo ojú ọtí pátá, ó ṣùjọ, afẹ́fẹ́ ti wú u sókè níbi mélòó kan, ẹni tó bá ti gbàgbé ògì sílẹ̀ láì pààrọ̀ omi ẹ̀ rí á mọ nǹkan tí mò ń sọ. Kì í sì í ṣe ojú nìkan ni wọ́n fi jọra o, Lactobacillus tó ń mú ògì kan, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ wà lára àwọn tó ń ba bíà jẹ́. Inú ògì a fẹ́ ẹ, inú pale ale wàhálà ni.

Àbúrò mi wà níbẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé téèyàn bá mu ún kò ní kú?" Mo ní kò lè kú, kòkòrò tó ń fa àìsàn kì í sábà rí ibi gbé nínú bíà tí íìsì ti ṣiṣẹ́ tán nínú ẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, ó kan, hops, òdòdó kíkorò tá a ń fi sí bíà, náà ń bá wọn jà. Ló bá bu díẹ̀ sẹ́nu, ojú ẹ̀ fún pọ̀. "Ẹ dà á nù, ẹ̀gbọ́n." Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m ń mọ̀ọ́mọ̀ fi irú kòkòrò yìí ṣe lambic, bíà kíkan kan tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, àmọ́ tèmi yìí kì í ṣe lambic kankan, ìdọ̀tí ni. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò o, kòkòrò yẹn á máa jẹ ṣúgà tí íìsì ò lè jẹ, gáàsì á máa pọ̀ sí i, ìgò á sì bú gbàmù.

Mo wá tú táàpù yẹn. Mo rì í sínú omi gbígbóná kó lè rọ̀, mo fìka ti inú ẹ̀ jáde, ìdọ̀tí ràkọ̀ràkọ̀ kan wà ní ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ó ń yọ̀, ó ń rùn, mọ́ọ̀tì (ọkà tá a fi ń pọn bíà) ẹlòmíì ti gbẹ mọ́ ọn. Tuntun wo nìyẹn? Ẹnì kan ti lò ó, ó dá a padà, wọ́n sì tún un dì fún mi. Kò sí Star San tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ojú nǹkan tó mọ́ ló ń bá ṣiṣẹ́, tí ìdọ̀tí bá ti bo kòkòrò mọ́lẹ̀ oògùn á kàn gba orí ẹ̀ kọjá ni. PBW, ìyẹ̀fun ìfọǹkan tí Five Star kan náà ń ṣe, ló ń tú irú ìdọ̀tí yẹn, ẹ rẹ nǹkan sínú ẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná mọ́jú, ẹ ṣan án dáadáa, ká tó wá dé orí Star San. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi jíìkì kún un, ẹ má jẹ́ kí jíìkì àti Star San pàdé láéláé, jíìkì àti ásíìdì, gáàsì olóró ló ń jáde níbẹ̀. Táàpù àti rọ́bà, mo jù wọ́n nù, bọ́kẹ́ẹ̀tì náà tẹ̀ lé wọn torí nǹkan ti ha inú ẹ̀.

Máàkì kan tí mo yọ, nítorí omi ẹ̀rọ ni, tí omi àdúgbò yín bá le, Star San tẹ́ ẹ fi pò máa ń ṣú, ẹ fi omi distilled (omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gbe oruku ẹ̀ padà di omi) po èyí tẹ́ ẹ máa rọ sínú ìgò sípíréè, ìyẹn máa ń pẹ́. Ògidì ẹ̀ sì ń jẹ ọwọ́, tó bá kán sórí sìmẹ́ńtì á jẹ ẹ́ náà.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn dá owó bọ́kẹ́ẹ̀tì padà, owó mọ́ọ̀tì àti hops ńkọ́, wọ́n ní kò kàn wọ́n. Mi ò débẹ̀ mọ́. Ẹ ra ìgò Star San kékeré, ó máa pẹ́ lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì ra táàpù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò wọ́n.