Oògùn ìkọlù ọkàn: bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra, àti ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹni tí ìkọlù ọkàn bá tí Ọlọ́run sì yọ kì í kúrò ní ọsibítù lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á fún un ní ìwé tí orúkọ oògùn mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lórí rẹ̀, àwọn ẹbí á sì gbé ìwé náà lọ sí ilé oògùn. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí èyí fi wọ́n ju ìyẹn lọ nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe? Ṣé ká ra èyí tó lórúkọ ni, àbí èyí tí wọ́n ṣe ní Íńdíà? Ṣé a lè yọ ọ̀kan kúrò kí owó lè tó?

Dókítà ló ń yan oògùn, àmọ́ ẹni tó ń rà á ló mọ iye tó wà lápò rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, wọ́n á kọ oògùn tí apá rẹ̀ kò ká fún un, á rà á lóṣù kan, á sì dáwọ́ dúró lóṣù kejì. Ìdáwọ́dúró yẹn léwu ju kéèyàn lo oògùn tó rọjú láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ojú yẹn ni mo fi ń wo gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wéra níbí.

Àwọn abẹ́rẹ́ tí ilé ìwòsàn nìkan ń fúnni

Ìkọlù ọkàn sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rá tó ti lẹ̀ mọ́ inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ọkàn bá ya. Ẹ̀jẹ̀ á dì lé ojú ibi tó ya, ọ̀nà á dí, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí iṣan náà bá dí pátápátá, tí ilé ìwòsàn sì ní ohun èlò tí wọ́n lè fi ṣí i láàárín wákàtí méjì, ìyẹn ló dára jù. Bí kò bá sí, abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló kù, kí wákàtí 12 tó pé láti ìgbà tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìkọlù ọkàn ló gbà á; àyẹ̀wò ECG, ìyẹn èyí tó ń ya àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù, ló ń fi hàn.

Streptokinase ló rọjú jù nínú wọn. Wọ́n máa ń fà á sára aláìsàn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ara máa ń kọ́ bí a ṣe ń bá a jà, nítorí náà wọn kì í fún ènìyàn kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Alteplase wọ́n jù ú lọ dáadáa. Nínú ìwádìí GUSTO tó jáde ní 1993, tí ó lé ní 41,000 aláìsàn nínú rẹ̀, àwọn tó kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó bí 6 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó gba alteplase, ó sì tó bí 7 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó gba streptokinase. Tenecteplase ni èyí tó rọrùn jù láti fúnni: wọ́n á wo bí aláìsàn ṣe tẹ̀wọ̀n tó, wọ́n á sì gún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo wọn ló lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í tà á fún ará ilé.

Ohun tó kan ẹ̀yin tó ń rà ni pé kí ẹ lọ béèrè nílé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, nísinsìnyí tí ara ṣì le, bóyá wọ́n ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọn ò bá ní, ẹ béèrè ibi tó ní in. Aago méjì òru kọ́ ni ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.

Aspirin: 75 mg àbí 300 mg?

Kò sí oògùn ọkàn tó rọjú tó aspirin, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi ojú kékeré wò ó. Ìwádìí ISIS-2 ti 1988, tí àwọn tó lé ní 17,000 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé aspirin nìkan dín ikú kù ní ìdá 23 nínú 100 láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tí àyà bá ń dun ènìyàn bí ìkọlù ọkàn, 300 mg ni wọ́n sábà máa ń ní kó jẹ lẹ́nu, kó rún un, kó má kàn gbé e mì. Bó bá jẹ́ 75 mg ló wà nílé, hóró mẹ́rin nìyẹn. Ẹni tí aspirin máa ń gbòdì lára rẹ̀, tàbí tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Aspirin kò sì lè rọ́pò lílọ sí ọsibítù. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, kí ọkọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, 75 mg lóòjọ́ ló tó. Ní Amẹ́ríkà, 81 mg ni wọ́n ń tà, iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ má ṣe sanwó gọbọi nítorí pé hóró kan ní awọ tó ń dáàbò bo ikùn. Kò tíì hàn kedere pé awọ yẹn ń dènà kí ikùn ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń ba ikùn àti ọkàn jẹ́ ni ibuprofen àti diclofenac tí àwa ènìyàn ń rà fún ẹ̀yìn àti orúnkún. Ẹni tó ti ní ìkọlù ọkàn rí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rà wọ́n. Kó béèrè bóyá paracetamol yóò tó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan rí kò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ aspirin lójoojúmọ́ nítorí pé aládùúgbò ń jẹ ẹ́.

Clopidogrel tàbí ticagrelor

Ibí ni owó ti máa ń di ọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ń bá aspirin ṣiṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí àwọn platelet, ìyẹn àwọn hóró kéékèèké tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, lẹ̀ mọ́ ara wọn. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ta clopidogrel ni Plavix. Ti ticagrelor ni Brilinta ní Amẹ́ríkà, Brilique ní Gẹ̀ẹ́sì.

| | Clopidogrel | Ticagrelor |
|---|---|---|
| Ìwọ̀n àkọ́kọ́ | 300 tàbí 600 mg | 180 mg |
| Lẹ́yìn náà | 75 mg, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ | 90 mg, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ |
| Owó | ó rọjú | ó wọ́n |
| Ohun tó sábà ń dààmú ènìyàn | ara tó tètè ń wú dúdú, kí ẹ̀jẹ̀ máa ya | bẹ́ẹ̀ náà, àti èémí tó ń fún |
| Ohun tó ń bá a jà | omeprazole, esomeprazole | aspirin tó ju 100 mg lọ lóòjọ́ |

Clopidogrel kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ̀dọ̀ bá yí i padà. Àwọn kan wà tí ẹ̀dọ̀ wọn kì í ṣe é dáadáa láti inú ìran wá, ní 2010 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ ńlá nípa rẹ̀ sára páálí. Omeprazole, oògùn inú jíjó, pẹ̀lú máa ń dí i lọ́wọ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin, torí omeprazole kún ilé oògùn, a sì máa ń rà á láìbi ẹnikẹ́ni. Bí inú bá ń jó yín, ẹ béèrè bóyá pantoprazole ni kí ẹ lò dípò rẹ̀.

Ticagrelor kò nílò ẹ̀dọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú ìwádìí PLATO ti 2009, tí àwọn 18,624 wà nínú rẹ̀, iye àwọn tí àrùn ọkàn tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, tí ìkọlù ọkàn tún bá, tàbí tí rọpárọsẹ̀ kọlù láàárín ọdún kan jẹ́ 9.8 nínú 100 fún ticagrelor, 11.7 fún clopidogrel. Àmọ́ èémí fún 13.8 nínú 100 tó ń lo ticagrelor, nígbà tó jẹ́ 7.8 fún ìkejì. Èémí tó ń fún yìí máa ń dẹ́rù ba aláìsàn, á rò pé ọkàn òun ló tún ń ṣe é, á sì ju oògùn nù. Ẹ sọ fún un ṣáájú. Bó bá sì ń fún jù, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ rí.

Lójú tèmi, bí apá yín bá ká ticagrelor fún oṣù 12, tí ẹ ò ní gbàgbé ti alẹ́, òun ló dára jù. Bí apá yín ò bá ká a, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní kí wọ́n kọ clopidogrel, kí ẹ sì lò ó tán. Ẹ má ṣe fọwọ́ ara yín pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì láàárín ọ̀nà. Ó ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, clopidogrel ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un. Ẹ̀kẹta wọn, prasugrel, wà, àmọ́ ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti bá rí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Bí wọ́n bá ti fi stent, ìyẹn irin kékeré tí kì í jẹ́ kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ padà dí, sí iṣan ọkàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ tàbí dókítà eyín dá oògùn yìí dúró láìjẹ́ pé dókítà ọkàn gbọ́. Stent lè dí lójijì.

Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀

Atorvastatin 40 sí 80 mg àti rosuvastatin 20 sí 40 mg ni wọ́n ń lò lẹ́yìn ìkọlù ọkàn. Agbára wọn sún mọ́ra, ẹ lè jẹ wọ́n láàárọ̀ tàbí lálẹ́, nítorí náà èyí tó rọjú ní ilé oògùn yín náà ni kí ẹ tọrọ. Bí kíndìnrín bá ń ṣe ènìyàn, atorvastatin rọrùn jù, torí wọ́n gbọ́dọ̀ dín rosuvastatin kù bí àìsàn náà bá ti le. Simvastatin kò lágbára tó wọn. Bí ẹ bá ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe, simvastatin kò gbọ́dọ̀ ju 20 mg lọ. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ọ̀rá ti wálẹ̀, oògùn ló mú un wálẹ̀, ẹ má dá a dúró. Bí ẹran ara bá ń ro yín gidigidi tàbí tí ìtọ̀ dúdú, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Bisoprolol, ramipril àtàwọn ẹgbẹ́ wọn

Bisoprolol, metoprolol àti carvedilol ń dẹ ọkàn lára. Wọ́n ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tí agbára ọkàn rẹ̀ ti dín kù. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ìwádìí REDUCE-AMI ti 2024 kò rí i pé wọ́n dín ikú tàbí ìkọlù tuntun kù. Bí owó bá há, ìbéèrè tó tọ́ láti bi dókítà nìyẹn. Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ramipril àti lisinopril, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ tó sì ń dín ẹrù ọkàn kù, rọjú, àmọ́ wọ́n lè fa ikọ́ gbígbẹ, ètè àti ahọ́n sì lè wú. Àwa aláwọ̀ dúdú ni wíwú yìí máa ń bá jù. Bó bá ṣẹlẹ̀, pàjáwìrì ni, ẹ má sì jẹ ẹ́ mọ́ láé. Tí ó bá jẹ́ ikọ́ nìkan, valsartan ni wọ́n sábà ń fi rọ́pò rẹ̀.

Oògùn abẹ́ ahọ́n

Glyceryl trinitrate, tí a ń lò sábẹ́ ahọ́n nígbà tí àyà bá ń dun ènìyàn, wà ní hóró àti ní èyí tí a ń fọ́n. Hóró rọjú, ṣùgbọ́n inú ìgò tí wọ́n fi tà á ló gbọ́dọ̀ wà, bí ẹ bá sì ti ṣí i, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ẹ ra òmíràn. Èyí tí a ń fọ́n pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì tọ́ sí i. Ẹ jókòó kí ẹ tó lò ó. Ọkùnrin tó lo oògùn agbára ọkùnrin bíi sildenafil (Viagra) láàárín wákàtí 24, tàbí tadalafil láàárín wákàtí 48, kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kó sì kú. Wọ́n ti rí sildenafil tí wọ́n fi pamọ́ sínú egbòogi agbára ọkùnrin, nítorí náà ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ mu fún dókítà, ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Èyí tó lórúkọ, èyí tí kò lórúkọ, àti ibi tí ẹ ti ń rà á

Ní 2023 ni Sanofi, tó ni Plavix, kéde pé òun kò ní máa tajà fúnra òun ní Nàìjíríà mọ́. Kò yẹ kí ìyẹn já yín láyà. Clopidogrel, atorvastatin àti bisoprolol tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe ń ṣiṣẹ́ bákan náà bí wọ́n bá jẹ́ ojúlówó. Ẹ fi orúkọ oògùn béèrè, kì í ṣe orúkọ ọjà.

Ojúlówó ni iṣẹ́ wà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, ti Onitsha àti ti Aba pa nítorí ayédèrú àti oògùn tí wọn kò tọ́jú bó ṣe yẹ. Ẹ ra oògùn ọkàn ní ilé oògùn tó ní apoògùn tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ wo nọ́mbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ má gba káàdì tí wọ́n ti gé ọjọ́ náà kúrò lára rẹ̀. Bí àwọ̀ tàbí àmì hóró bá yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá, ẹ bi apoògùn kí ẹ tó gbé e mì. Ẹ ra ti oṣù tuntun nígbà tí ti ọ̀sẹ̀ kan bá ṣì kù nílé, torí pé ilé oògùn náà lè sọ pé ó ti tán.