Àpò Àtúnṣe Gáàsì Ìdáná: Ohun Tó Ṣiṣẹ́ Nínú Rẹ̀ àti Ohun Tí Mo Dá Padà

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe kéèkì fún àwọn tó ń ṣe wòlímọ̀ àti ìsọmọlórúkọ ní Tánkẹ̀ níbí ní Ìlọrin, gáàsì olójú mẹ́rin kan ṣoṣo tó ní ófùn nísàlẹ̀ ni mo ń lò, ó sì ti pé ọdún méje lọ́wọ́ mi. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a túnu ààwẹ̀ lọ́dún yìí, ófùn náà bẹ̀rẹ̀ àrà kan. Bí mo bá tẹ kókó rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo ṣáná sí i, iná á gbà dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́wọ́ kúrò lórí kókó báyìí, iná á kú. Ọ̀gá tó máa ń bá wa tún un ṣe wò ó, ó ní kọ́ńtíróòlù rẹ̀ ló bàjẹ́, kí n wá ₦38,000. Owó náà pọ̀ lójú mi, kò sì yé mi bí ohun tó ń gbé gáàsì wá dáadáa nígbà tí ọwọ́ bá wà lórí rẹ̀ ṣe lè jẹ́ ohun tó bàjẹ́.

Mo wá lọ ra àpò àtúnṣe aláìlórúkọ kan ní ₦14,500. Thermocouple kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì oríṣi mẹ́rin tí a fi ń so ó, jẹ́ẹ̀tì márùn-ún (idẹ kékeré oníhò tí gáàsì ń gbà jáde síbi iná), róbà gáàsì mítà kan àtààbọ̀, àti kílíìpù irin méjì. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní, “Hájíà, sẹ́ńsọ̀ yìí wọ gbogbo gáàsì, ẹ kàn lọ fi síbẹ̀ ni.” N kò tí ì dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tajà ní Ìlọrin mọ orúkọ tó yẹ kó fi pe oníbàárà.

Ohun tó pè ní sẹ́ńsọ̀ yìí, ìyẹn thermocouple, ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun nìkan ló tó owó tí mo san. Ọ̀pá tín-ínrín ni, irin oríṣi méjì ni wọ́n sì jó pọ̀ ní ṣóńṣó rẹ̀. Bí iná bá ń jó lára ṣóńṣó náà, ooru á mú kí iná mànàmáná díẹ̀ jáde níbi tí irin méjèèjì ti pàdé, ohun tí Thomas Seebeck, onímọ̀ ará Jámánì, ti kíyè sí láti 1821. Kò lo bátìrì, kò sì lo iná ìjọba. Iná yìí kò tó ìdá kan nínú ogún volt kan, síbẹ̀ ó tó láti fún òòfà kékeré kan tó wà nínú kọ́ńtíróòlù lágbára, òòfà yìí ló sì ń di ọ̀nà gáàsì mú kó má tì. Bí atẹ́gùn bá pa iná ófùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí, ṣóńṣó á tutù, òòfà á jọ̀wọ́, gáàsì á sì dá dúró. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tẹ kókó mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó fi í sílẹ̀: à ń dúró kí ṣóńṣó gbóná ni.

Kí n tó fọwọ́ kan ohun tuntun, mo gbìyànjú ohun tí kò ná mi ní kọ́bọ̀. Mo fi sáńpépà kíkúnná pa ìdọ̀tí dúdú kúrò lára ṣóńṣó ti àtijọ́, mo sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn. Ófùn ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó sì padà sí ìwà rẹ̀. Ó dá mi lójú nígbà náà pé thermocouple ló ti gbó, kì í ṣe kọ́ńtíróòlù.

Mo ti sílíńdà pa, mo wá tan ojú kan lókè kí gáàsì tó ṣẹ́kù nínú róbà lè jó tán. Mo ṣí fèrèsé, mo sì ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú, nítorí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́, fèrèsé tó wà lókè nìkan kò sì lè lé e jáde. Mo yọ irin pẹrẹsẹ ìsàlẹ̀ ófùn, mo sì tú ìdè ọ̀pá tí iná ń gbà jáde. Ọ̀kan nínú àwọn sukuróò náà ti dípẹtà. Òun nìkan gbà mí ní ogójì ìṣẹ́jú àti èékánná kan. Ìwé tó wà nínú àpò kò ní ọ̀rọ̀ kankan, àwòrán lásán ni, ọfà inú àwòrán náà sì ń tọ́ka sí ibi tí kò sí nínú gáàsì tèmi. Nọ́ọ̀tì kẹta ló wọ ẹnu kọ́ńtíróòlù mi. Ọwọ́ ni mo fi yí i títí kò fi yí mọ́, mo wá fi súpánà fi ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan péré kún un, nítorí bí a bá fún un jù, ẹnu rẹ̀ tí iná mànàmáná ń gbà kọjá á fọ́.

Mo ṣe àṣìṣe kan. Mo gbé ṣóńṣó náà sílẹ̀ jù, iná kò kan orí rẹ̀, ófùn sì tún ń kú bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sókè tí bíi sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ wà nínú iná gan-an, mo ka ení dé ẹẹ́wàá, mo gbọ́wọ́ kúrò, iná kò sì kú. Lẹ́yìn tí ófùn ti gbóná dáadáa, mo ti sílíńdà pa kí iná lè kú fúnra rẹ̀, mo sì tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ìdajì ìṣẹ́jú mo gbọ́ “kọ̀” nínú kọ́ńtíróòlù: òòfà ti jọ̀wọ́. Ẹ má fo ìdánwò yìí, nítorí ófùn tí iná rẹ̀ dúró ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ti ń ti ọ̀nà gáàsì léwu ju èyí tí kò gbaná rárá lọ. Oṣù mẹ́rin rèé, kò tí ì yẹ̀.

Jẹ́ẹ̀tì ni mo bá wọn jà jù. Ojú kékeré lókè ti ń jó pupa rúsúrúsú, ó sì ń dú ìdí ìkòkò mọ́sà mi, mo wá rò pé jẹ́ẹ̀tì tuntun ni yóò wò ó sàn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wo nọ́ńbà ara wọn kí n tó lò wọ́n. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí ihò ṣe fẹ̀ tó, ní ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà: 50, 65 àti 85 ló wà lára tèmi, 72, 97 àti 115 ló sì wà lára àwọn ti inú àpò. Àwọn tí gáàsì ń gba inú páìpù wọ ilé wọn ló ni irú èyí, kì í ṣe àwa tí a ń lo sílíńdà. Bí a bá fi wọ́n sí tiwa, gáàsì á pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tó ń bá a pò pọ̀, iná á ga, á sì máa rú èéfín. Kò tilẹ̀ nílò jẹ́ẹ̀tì kankan. Mọ́sà tó ti dà sí i ló dí ihò ìdérí iná. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a títí ó fi gbẹ, iná sì padà di búlúù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún ojú jẹ́ẹ̀tì. Idẹ ni, ó rọ̀, abẹ́rẹ́ á fẹ ihò rẹ̀.

Róbà inú àpò kò ní ọdún kankan lára, ó sì tẹ́ bí mo ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́. N kò so ó mọ́ nǹkan kan. Mo ra òmíràn tí wọ́n tẹ ọdún sí lára. Kílíìpù méjèèjì dára níwọ̀n, àmọ́ nígbà tí mo fi omi ọṣẹ kùn wọ́n, ìfófòó yọ lára èyí tó wà níbi régúlétọ̀, mo sì fún un sí i títí kò fi hó mọ́. Aládùúgbò mi kan máa ń fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò. N kì í dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó bá ń ṣe é.

N kò tú kọ́ńtíróòlù fúnra rẹ̀, n kò sì tú régúlétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní dábàá rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni; régúlétọ̀ tó bá bàjẹ́, pípààrọ̀ ni. Ẹni tí ófùn rẹ̀ bá ń ṣe bíi tèmi lè ra thermocouple nìkan, kó fi àpò náà sílẹ̀. Mo dá jẹ́ẹ̀tì àti róbà padà. Ọmọkùnrin náà kò fún mi lówó, ó ní, “Hájíà, ẹ ṣe sùúrù,” ó sì fi súpánà kékeré kan rọ́pò wọn. Ó wọ nọ́ọ̀tì ófùn náà ju èyí tó wà nílé lọ.